Ìbúra Tó Dí Gbádéyan Lẹ́nu

Ìwọ tó mú ìwé pélébé yìí lọ́wọ́, n kò mọ̀ ọ́, n kò sì mọ ohun tí o fi pamọ́ sínú. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má tíì jù ú nù. Jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin kan fún ọ. Káfíńtà ni ní Kàbà, Gbádéyan ni orúkọ rẹ̀.

Gbádéyan kì í ṣe ọ̀mùtí, kì í ṣe olè. Bí o bá fẹ́ kan òrùlé tí kò ní jò, òun ni wọ́n máa ní kí o lọ pè. A máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè àti lọ́jọ́ Kérésìmesì, a sì máa bá àwọn Mùsùlùmí àdúgbò jẹ ẹran iléyá. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn rẹ̀ wà gan-an ni ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Orí Àpáta.

Ẹgbẹ́ náà ti pẹ́. Nígbà tí ogun Núpé ń kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú, àwọn ọkùnrin kan kó ìyàwó àti ọmọ gun òkè, wọ́n fi wọ́n pamọ́ sínú ihò àpáta. Wọ́n bu omi òjò tó dúró nínú kòtò àpáta, wọ́n po erùpẹ̀ ilẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n mu ún. Wọ́n búra pé bí ọwọ́ ọ̀tá bá tẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ pa á, kò ní sọ ibi tí àwọn yòókù wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ogun kó lọ tí kò padà wálé mọ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. O ò rí i pé ìfẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀?

Títí di òní, bí iṣu tuntun bá ti jáde, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a gun òkè náà. Wọn a tò, olúkúlùkù a fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ẹni tó wà lápá òsì rẹ̀, Bàbá Ọlọ́runṣọlá tó jẹ́ olórí wọn a sì sọ ìtàn náà fún wọn. Lẹ́yìn èyí ni wọn a mu omi ìbúra náà. Ẹni tó bá tú àṣírí arákùnrin rẹ̀, inú rẹ̀ yóò wú títí yóò fi kú. Gbádéyan gba èyí gbọ́ ju bó ṣe gba Ọlọ́run gbọ́ lọ.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń ṣa kajú lọ́dún tó kọjá, àwọn ajínigbé ya wọ oko tó wà lọ́nà Òkè-Bùkún. Wọ́n gbé Rhoda, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, níbi tó ti ń ṣa kajú. Wọ́n gbé bàbá àgbàlagbà kan pẹ̀lú, John ni orúkọ rẹ̀, ará Iyah-Gbede tó wá kí àna rẹ̀ lóko. Rhoda yìí ni ìyàwó Ọpẹ́dayọ̀, ọ̀rẹ́ Gbádéyan láti kékeré. Owó tí àwọn ajínigbé bèèrè, bí gbogbo ìdílé bá ta ilé tí wọ́n ń gbé, kò lè pé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Gbádéyan lọ wo igi tó gé sílẹ̀ nítòsí oko náà. Ibẹ̀ ló ti rí Andrew, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tó di búrẹ́dì àti omi inú ọ̀rá rẹpẹtẹ sẹ́yìn ọ̀kadà, tó sì darí wọ igbó tí ẹnikẹ́ni kì í dáko sí. Gbádéyan dúró. Nígbà tí Andrew jáde, kò sí ẹrù kankan lẹ́yìn ọ̀kadà mọ́. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Andrew kò sá, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó kàn fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti korò lẹ́nu Gbádéyan. Bí ó bá sọ̀rọ̀, yóò kú. Bí ó bá dákẹ́, ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò kú. Ó gbé òòlù, kò lè kan ìṣó. Ó tọ Bàbá Ọlọ́runṣọlá lọ.

"Okun o, Bàbá," ó kí i.

"Okun, ọmọ mi. Kí ló dé tí o rù báyìí?"

"Bàbá, bí arákùnrin ẹni bá ń ṣe ibi ńkọ́? Bí ẹ̀mí èèyàn bá wà níbẹ̀?"

Bàbá dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Má dárúkọ ẹnikẹ́ni fún mi. O mu omi yẹn, àbí o ò mu ún?"

"Mo mu ún, Bàbá."

"Ó tán nìyẹn."

Ó tán! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà! Àwọn baba ńlá wọn pa ẹnu mọ́ kí àwọn amúnilẹ́rú má baà rí obìnrin àti ọmọdé. Àwọn ọmọ wá ń pa ẹnu mọ́ kí a má baà rí àwọn amúnilẹ́rú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ ṣe máa ń gba ohun rere lọ́wọ́ èèyàn, tí yóò sì sọ ọ́ di ohun tí yóò fi dè é.

Gbádéyan ń dákẹ́, ọjọ́ sì ń lọ. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Tó bá di ọ̀la, màá sọ." Ọ̀la a dé, ẹ̀rù a tún mú un. Ó di pé ó ń fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, bóyá ó ti ń wú nítorí pé ó tilẹ̀ ronú àtisọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó lọ kí Ọpẹ́dayọ̀. Ó bá Andrew níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn, tí Andrew ń ṣe àmín kíkankíkan sí àdúrà wọn. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, Ọpẹ́dayọ̀ kúnlẹ̀, ó ní kí ọ̀rẹ́ òun jẹ́ kí àwọn jọ gbàdúrà.

"Olúwa," ó ní, "ẹnìkan wà tó mọ ibi tí Rhoda wà. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ṣàánú rẹ̀."

Gbádéyan bi í pé, "Ọpẹ́, kí ló dé tí o fi ń gbàdúrà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé mo sàn jù ú lọ ni? Ọ̀tá Ọlọ́run ni mo jẹ́ nígbà tí Jésù kú fún mi."

"Bí ó bá ti búra ńkọ́? Bí ìbúra náà yóò bá pa á?"

Ọpẹ́dayọ̀ la ojú. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pariwo, kò di ọrùn rẹ̀ mú. Ó ní, "Gbádéyan, ẹnìkan ti kú ikú yẹn. Ègún tó tọ́ sí wa, orí Jésù ló bọ́ sí. Arákùnrin tí kì í dalẹ̀ ni. Sá tọ̀ ọ́ wá."

Gbádéyan wó lulẹ̀ sórí ẹní bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ó ké pe, "Jésù, mo ti ta ọ̀rẹ́ mi nítorí ẹ̀mí ara mi! Gbà mí! Bí n óò bá kú, jẹ́ kí n kú sọ́wọ́ rẹ!" Ibẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run ti gbà á. Kí ó tó dìde, ó ti sọ gbogbo ohun tó rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn ọdẹ àti ṣójà wọ igbó. Wọ́n mú Andrew, wọ́n sì gbé Rhoda jáde láàyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ara rẹ̀ kún fún ọgbẹ́. Ikùn Gbádéyan kò wú. Kò wú títí di òní.

Ṣùgbọ́n Bàbá John kò bá wọn jáde. Ó kú ní àná ọjọ́ náà.

Rhoda ló sọ ọ́ fún wọn. Láràárọ̀ ni bàbá náà máa ń fi í lọ́kàn balẹ̀ pé, "Má sunkún, ọmọ mi. Ẹnìkan nílùú á ti rí àwọn tó ń gbé oúnjẹ wá. Á sọ lónìí."

Gbádéyan lọ sí Iyah-Gbede, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ọmọ olóògbé, ó jẹ́wọ́. Rebecca, àkọ́bí wọn, dìde kúrò lójú rẹ̀. Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Gbádéyan mọ̀ pé Ọlọ́run ti dárí jì í. Ó sì mọ̀ pé ọ̀la tí òun ń sún ọ̀rọ̀ náà sí ló pa bàbá wọn.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà ńkọ́? Kí ni o mu? Ta ni o bá mulẹ̀? Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ tí o kò fi lè ké pe Ọlọ́run? O ti pinnu pé wàá ronúpìwàdà, mo mọ̀. O ní kí ọdún yìí parí ná, kí àwọn ọmọ dàgbà ná. Ta ló ń jìyà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ títí dìgbà náà?

Jésù ń dúró dè ọ́. Kò ní lé ọ. Bó o ṣe wà níbi tí o jókòó sí yẹn, sọ fún un pé, "Olúwa, èmi ni. Mo jẹ́wọ́. Gbà mí." Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ tún ohun tó ṣì ṣeé tún ṣe ṣe, kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí. Ẹnìkan wà nínú igbó tó ń sọ pé wàá sọ̀rọ̀.