Òtútù Ọ̀sán Kan Péré

"Lọpẹ́, ojú ọ̀run ò dáa o," ni màmá Tolúwalọpẹ́ wí bó ṣe ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. "Bí òjò bá ti ṣú, dáná sí ìkòkò èédú yẹn kí ara àwọn òròmọdìyẹ lè móoru, kó o sì tú tapólì ojú fèrèsé wálẹ̀. Tẹmómítà ni kó o máa wò. Kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ọgbọ̀n lọ."

Igba òròmọdìyẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ló wà nínú yàrá ẹ̀yìn ilé wọn ní Ìdímù. Kì í ṣe ti màmá. Alhaja Ìdíátù, olóko adìyẹ kan ní Ìgàndó, ló ni wọ́n. Iṣẹ́ màmá ni kó máa bá àwọn olóko tọ́ òròmọdìyẹ títí ìyẹ́ yóò fi bo ara wọn. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, iṣẹ́ yìí nìkan ló fi ń tọ́ ọmọ, orúkọ rere tó ní lọ́dọ̀ àwọn olóko ló sì ń mú iṣẹ́ náà wá.

Àmọ́ Tolúwalọpẹ́ ti gba ipò kìíní nínú jọ́gíráfì ní táàmù tó kọjá, ìmọ̀ sì ti ń gùn ún.

"Màmá, ẹ kàn ń fi èédú ṣòfò ni jàre. Ilẹ̀ olóoru la wà. Ó wà nínú nóòtì wa: láti ọdún dé ọdún, Èkó kì í tutù."

"Nóòtì yín ò parọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọdún lẹ̀ ń kà níbẹ̀. Òròmọdìyẹ ò mọ ọdún, tòní ló mọ̀." Màmá gba Ìkòtún lọ, ó lọ ra oúnjẹ adìyẹ.

Kò pẹ́ ni Adébùnmí, ọmọ ilé kejì, yọjú lójú fèrèsé. "Ẹ̀gbọ́n mi ti tan jẹnẹrétọ̀! Wá, ká wo fíìmù yẹn tán."

Tolúwalọpẹ́ wo òkè, ó ṣú dùdù. Ó wo tẹmómítà, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. "Ó ṣì dáa," ló wí, ó sì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ.

Òjò dé. Òjò oṣù Ògún, tòun tatẹ́gùn.

"Àwọn adìyẹ yín ńkọ́?" Adébùnmí bi í.

"Èkó mà nìyí, kì í ṣe ìlú òyìnbó. Máa wo fíìmù ẹ." Ni òtútù bá mú òun fúnra rẹ̀, ó yá súwẹ́tà Adébùnmí wọ̀, ó tún jókòó. Áà, ọmọ yìí! Súwẹ́tà wà lọ́rùn rẹ̀, síbẹ̀ kò rántí ẹni tí kò ní súwẹ́tà.

Nígbà tó padà délé, tẹmómítà ti já wá sí méjìlélógún. Àwọn òròmọdìyẹ ti sá jọ sí kọ̀rọ̀ kan, wọ́n gun ara wọn lórí nítorí òtútù, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti kú. Ó sáré dáná, ṣùgbọ́n omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Nínú igba, ọgọ́ta ló kù láàyè.

Màmá wọlé, oúnjẹ adìyẹ lórí, òjò lára. Ó wo ilẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀.

"O wọ súwẹ́tà," ló wí. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣa àwọn tó ti kú.

Lọ́jọ́ kejì, Alhaja Ìdíátù wá kó àwọn tó kù sínú páálí. Màmá kúnlẹ̀. "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ mi ló ti yọ." Kò dárúkọ ọmọ rẹ̀ rárá.

"Ẹ dìde, Ìyá Lọpẹ́. Mo ti fi fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ohun ẹlẹ́mìí lé yín lọ́wọ́ mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn olóko yòókù, kò sì sẹ́ni tó gbé òròmọdìyẹ fún un mọ́. Aṣọ ará ilé onílé ni màmá ń fọ̀ kiri Ẹ̀gbẹ́dá báyìí.

Nínú ìdánwò táàmù tó tẹ̀lé e, wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú ọjọ́ òòjọ́ àti ti ìlú kan látọdúnmọ́dún. Tolúwalọpẹ́ kọ ọ́ pé ti òòjọ́ ni ooru tàbí òtútù tó wà níta báyìí. Ti ìlú ni èyí tí a kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó mọ bó ṣe máa ń rí. Ó fi kún un pé ìlú olóoru lè tutù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀sán kan yẹn sì tó pa ohun ẹlẹ́mìí. Tíṣà fún un ní gbogbo máàkì. Kò lè fi han màmá rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìwé ò burú. Ṣùgbọ́n bí ìwé ò bá jẹ́ kí a gbọ́ràn sí ẹni tó mọṣẹ́ lẹ́nu, tí kò jẹ́ kí a wo ohun tó wà níwájú wa, kò tíì di ọgbọ́n. Gbogbo àgbà ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.