Ibi Tí Omi Ti Dákẹ́

Ọkùnrin kan wà ní ìlú etí òkun kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Ìgbì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá ibi tí ìgbì ti dára fún àwọn tó ń fi pátákó gígùn gùn ún. Bóyá o ti rí wọn rí: wọn a dùbúlẹ̀ lórí pátákó tó ga ju ènìyàn lọ, wọn a fi ọwọ́ wa omi, bí ìgbì bá sì ti gbé wọn, wọn a dìde dúró, ó di èbúté.

Pátákó gígùn kò fẹ́ ìgbì oníjàgídíjàgan. Èyí tó ń rọra yí bọ̀, tí kì í ya lulẹ̀ lójijì, ló ń fẹ́. Bàbá Ìgbì a gba etí òkun lọ láàárọ̀, a dúró, a wo omi, a ní, "Ibí dára," tàbí, "Ibí ò dáa, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Kì í ṣì í. Ìgbéraga sì wọ̀ ọ́ lẹ́wù, àfi bí ẹni pé òun ló da iyọ̀ sí òkun!

Ẹ̀kọ́ kan ló máa ń fún gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. "Ẹ gbọ́ o. Ibi tí ìgbì ti ń pariwo kọ́ ló ń pa ènìyàn jù. Ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́ láàárín wọn, ibẹ̀ ni omi ń gbà padà sí agbami. Bí ẹ bá rí i tó dákẹ́, ẹ sá!"

Lẹ́yìn àpáta ńlá kan ní ìpẹ̀kun ìlú, ó rí ibì kan tí ìgbì rẹ̀ dára ju ti gbogbo ibi yòókù lọ. Ó fi pamọ́. Ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé òkúta mímú ló kún abẹ́ omi ibẹ̀.

Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, tí òun náà ń gun ìgbì, bi í lọ́jọ́ kan. "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé lóòótọ́ ni ẹ̀yìn àpáta ò ṣe é gùn?"

"Ṣé mo parọ́ fún ẹ rí ni? Lọ sí ibi tí odò ti ń wọ òkun lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ dára lónìí."

Kò dára. Ó mọ̀ pé kò dára. Ó kàn fẹ́ kí ọmọkùnrin náà kúrò lọ́nà òun ni. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ìgbì ibẹ̀ gbé àbúrò rẹ̀ lu ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Egungun jinná, ṣùgbọ́n ó ń tiro títí di òní.

Bàbá Ìgbì dúró ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn, ó ń retí omijé. Omijé kò wá. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó ń wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ti yí. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti kú nínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bínú, òun kàn ń wò ó. Ìyàwó rẹ̀ sunkún, òun kàn ń wò ó. Nǹkan kan kò dùn mọ́ ọn mọ́, nǹkan kan kò sì dùn ún.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń tún pátákó ṣe, onígbàgbọ́ tòótọ́. Lẹ̀ẹ́pọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí gọ́ọ̀mù kì í gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi," Lẹ̀ẹ́pọ̀ bi í nínú ṣọ́ọ̀bù, "báwo ni ọkàn rẹ?"

"Ó balẹ̀ jàre. Mi ò jalè, mi ò pànìyàn. Kò sí nǹkan tó ń dà mí láàmú."

"O ò rẹ́rìn-ín, o ò sunkún, o ní ó balẹ̀? Kí lo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ nípa ibi tí omi bá ti dákẹ́?"

Bàbá Ìgbì yínmú. "Lẹ̀ẹ́pọ̀, pátákó mi ni kí o lẹ̀. Fi ọkàn mi sílẹ̀."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sẹ́yìn àpáta ní òun nìkan. Ó wa pátákó wọ inú omi, ó jókòó lé e. Omi dákẹ́, òun náà dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà sì bá a lára mu. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, àpáta ńlá ti kéré bí òkò.

"Yéè! Èmi! Èmi tí mò ń kọ́ wọn!"

Ó wa omi sí ẹ̀gbẹ́ kó lè bọ́ lọ́wọ́ omi tó ń fà á, títí apá rẹ̀ fi kú. Omi ò gbà. Ó pariwo, ó tún rántí pé kò sẹ́ni tí yóò gbọ́. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi lé gbogbo ènìyàn kúrò ní èbúté náà. Ẹ̀rù bà á wàyí. Ó rí ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ lójú ọkàn rẹ̀, ó sì dùn ún wọ egungun.

"Jésù Olúwa," ó ké, "èmi ni mo ṣẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ ìyá mi. Èmi ni. Ṣàánú mi!"

Kò pẹ́, ó gbọ́ ìró àjẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ni, Lẹ̀ẹ́pọ̀ ló ń tù ú. Ẹni tó na ọwọ́ láti inú rẹ̀ ni àbúrò rẹ̀.

"Ẹ di ọwọ́ mi mú, Bọ̀ọ̀dá."

Nígbà tó jókòó sínú ọkọ̀, tó ń gbọ̀n, ó bi àbúrò rẹ̀ pé, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé ibí ni mo wà?"

"Nígbà tí mò ń kọ́ ìrìn padà, ẹ̀yìn àpáta ni mo máa ń rìn dé. Mo máa ń rí yín lórí ìgbì. Lónìí, mo rí i pé omi ń gbé yín lọ, mo bá tiro lọ pe Lẹ̀ẹ́pọ̀."

"O mọ̀ pé mo parọ́ fún ẹ? O ò sì sọ?"

"Mo mọ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo ti dárí jì yín tipẹ́. Ẹ̀bẹ̀ yín ni mò ń dúró dè."

Àgbà ọkùnrin bú sẹ́kún nínú ọkọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́.

Lẹ̀ẹ́pọ̀ gbé àjẹ̀ sílẹ̀. "Ẹni tí o ṣẹ̀ ló wá gbé ọ nínú agbami yìí, ọ̀rẹ́ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni Jésù ṣe. Ẹ̀ṣẹ̀ wa ló kàn án mọ́ igi, síbẹ̀ òun ló ń wá wa kiri." Nínú ọkọ̀ tútù yẹn ni Bàbá Ìgbì ti fi ayé rẹ̀ fún Kristi.

Àbúrò rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ènìyàn lẹ́yìn àpáta báyìí, ẹ̀gbọ́n a sì dúró létí omi, a máa fi ibi tó dákẹ́ hàn wọ́n. Kì í ṣe pé ẹ̀rín pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan ń dùn ún báyìí, nǹkan sì ti ń dùn mọ́ ọn.

Ìwọ tí o di ìwé pélébé yìí mú ńkọ́? O ní ọkàn rẹ balẹ̀. Ṣé ó balẹ̀ ni, àbí ó ti kú? Ẹ̀ṣẹ̀ tó ń dà ọ́ láàmú tẹ́lẹ̀, kí ló dé tí kò dà ọ́ láàmú mọ́? Jọ̀wọ́, bojú wẹ̀yìn. Wo bí èbúté ti jìnnà tó. Má sọ pé ó dọ̀la, nítorí omi kì í dúró de ọ̀la. Jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ níbi tí o jókòó sí yìí. Jésù, Ẹni tí o ṣẹ̀, ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ, ọwọ́ rẹ̀ ló nà sí ọ yẹn. Dì í mú lónìí.