Àpótí Ayẹ̀wò Bàbá Fọlákẹ́

Ọdún 1975 ni Fọlákẹ́ kọ́kọ́ wa Peugeot bàbá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Fegge. Mo fi irin kan ẹ́ńjìnnì, mo gbé etí lé e. Ó rẹ́rìn-ín.

“Dókítà ni yín, àbí mẹkáníìkì?”

N kò ní purọ́, ìfẹ́ rẹ̀ kó sí mi lórí lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó fi pọ́dún, bàbá rẹ̀, Alàgbà Ògúnṣọlá oníṣòwò aṣọ, ti dá oṣù ìdána fún wa.

Ni àpótí ayẹ̀wò bá dé láti Jámánì, pẹ̀lú wáyà méjì àti abẹ́rẹ́ tó ń tọ́ka ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì. Owó epo ti dé, gbogbo ẹni tó ra mọ́tò ló di ọ̀gá mẹkáníìkì. Bàbá Fọlákẹ́ ra ọ̀kan, wọ́n ń yá gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì lò. Àwọn oníbàárà ò ní kí n yẹ mọ́tò wò mọ́. Ìwé tí wọ́n kọ èsì àpótí náà sí ni wọ́n ń já lé mi lọ́wọ́.

“Oga, change only plug. Machine don talk.”

Inú ń bí mi lójoojúmọ́. Ṣọ́ọ̀bù méjì ládùúgbò wa ti kógbá wọlé.

Nígbà tó ku oṣù kan kí a ṣe ìdána, Bàbá gbé ìwé tiwọn wá: plọ́ọ̀gì mẹ́rin péré. Mo pààrọ̀ wọn, mo wa mọ́tò náà yípo. Mo gbọ́ tí bíárìn ẹsẹ̀ iwájú, èyí tó di táyà mú, ń kùn.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹsẹ̀ iwájú yìí…”

“Ẹkúndayọ̀, ẹ̀rọ ò rí i, ìwọ lo rí i? Ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi kì í bá mi jiyàn.”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Lọ́jọ́ kejì, Fọlákẹ́ wà á lọ sí ìlú Ogidi láti ra abọ́ páànù fún ìdána wa. Táyà yọ lójú ọ̀nà, mọ́tò já sí kòtò, apá rẹ̀ ṣẹ́.

Ní ọsibítù, Bàbá gbá mi mọ́ra. “Àna mi, ẹ̀bi mi ni.”

Fọlákẹ́ ní kí wọ́n fún wa láyè díẹ̀.

“Dayọ̀, ṣé o gbọ́ ariwo yẹn?”

“Mo gbọ́ ọ.”

“O sì mọ̀ pé èmi ni mo máa ń wà á?”

“Ìfẹ́ mi, mo fẹ́ kí Bàbá gbà mí ni.”

“Wọ́n ti gbà ẹ́,” ó ní, ó kọjú sí ògiri. “Èmi ni mi ò gbà ẹ́ mọ́.”

Bàbá ò yéé pè mí ní àna, títí Fọlákẹ́ fi fẹ́ ẹlòmíràn.