Ẹṣin Tó Ti Kú Lórí Pátákó

Àtàǹpàkò Olóyè Oyèbámijí ti wà nínú tàdáwà kí Eunice ìyàwó rẹ̀ tó wọlé. Adétòkunbọ̀, àbúrò Olóyè, ló di ọwọ́ náà mú. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ó tún un tẹ̀. Ojú Olóyè là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ara àti ohùn lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù Kẹta.

“Bàbá Praise! Kí lẹ ń fi ọwọ́ ọkọ mi ṣe?”

“Ìyàwó, má pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n ta ilé ayò ṣẹ́ẹ̀sì tó wà ní Ìbà.”

“Ẹnu wo ni wọ́n fi sọ ọ́?”

“Èmi máa ń gbọ́ wọn, ẹ̀jẹ̀ mi ni wọ́n! Ìwọ tó o fi ọbẹ̀ sọ wọ́n di igi, báwo lo ṣe máa gbọ́?”

“Èmi? Ọlọ́run ń gbọ́ o! Èmi tí mò ń fi ṣíbí bọ́ wọn, tí mò ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì! Ọ̀bẹ ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́!”

“Ẹbí á pàdé ní Sátidé. Ọjọ́ yẹn lo máa kẹ́rù ẹ!”

Ìkà ni Adétòkunbọ̀. Olóyè ló ṣí ṣọ́ọ̀bù fún un ní Alábà.

Ilé tó fẹ́ tà yìí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Ìbà ti ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì ń jẹun ọ̀sán. Owó Olóyè ni. Òun fúnra rẹ̀, káàdì ló fi ń ta ayò tirẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni òun àti Ọládipúpọ̀, olùkọ́ yunifásítì tó ti fẹ̀yìntì sí Adó-Èkìtì, ti ń ta á. Ẹni tó kàn á kọ ibi tó gbé ọmọ ayò rẹ̀ sí sórí káàdì, á fi rán dírẹ́bà. Ní gáréèjì Okokomaiko ni Olóyè ti ń gba ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Olóyè kì í to pátákó sílẹ̀ nílé. Ó kàn ń kọ ìlà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé; orí rẹ̀ ni bí ayò ṣe dúró wà.

Adétòkunbọ̀ fẹ́ kí ẹbí gbà pé ọpọlọ Olóyè pé, kí ìwé títa ilé tó tẹ̀ náà lè múlẹ̀. Ó ṣí ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọ ayò sí, ó da ìlà kan kọ sórí káàdì, ó fi ránṣẹ́ sí Adó, ó ní òun ló bá ẹ̀gbọ́n òun kọ ọ́. Ó ní kí Ọládipúpọ̀ wá jẹ́rìí ní Sátidé. Ó rò pé ìlà kan kò yàtọ̀ sí èkejì.

Ọládipúpọ̀ dé, ó gbé pátákó sábẹ́ apá. Ẹbí ti jókòó yí bẹ́ẹ̀dì ká.

“Ọ̀gá, ẹ sọ fún wọn! Ṣé ẹ rí káàdì ẹ̀gbọ́n mi?”

“Mo rí i. Ó ní kí ọmọ ayò rẹ̀ tó jẹ́ ẹṣin apá ọ̀tún jáde.”

“Ẹ ò gbọ́ bí!”

“Mo ti pa ẹṣin yẹn lóṣù Kejì. Oyèbámijí kọ̀wé sí mi pé kí n bá òun sin ín dáadáa.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì yára pa ẹnu dé.

“Wọ́n gbàgbé ni! Ṣebí aláìsàn ni wọ́n!”

Adérónkẹ́, ẹ̀gbọ́n wọn àgbà, gbé orí sókè. “Orí rẹ̀ pé ni, àbí kò pé? Mú ọ̀kan!”

Adétòkunbọ̀ fẹ́ ki ìwé títa ilé bọ àpò, Adérónkẹ́ já a gbà.

“Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà! Ọwọ́ ọmọ ìyá rẹ lo fi jalè!” Ó fa ìwé náà ya.

“Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́! Èṣù ni!”

“Fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù Alábà sílẹ̀ kó o tó bá Èṣù lọ!”

Ó fi í sílẹ̀. Ó jáde láìwọ bàtà.

“Ìyàwó, dárí jì wá,” ni Adérónkẹ́ wí. “A gba irọ́ gbọ́.”

Eunice ń fi ọṣẹ fọ àtàǹpàkò ọkọ rẹ̀. Tàdáwà náà kò lọ.

Ọládipúpọ̀ to pátákó bí ayò náà ṣe dúró. “Ìwọ ló kàn,” ó wí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ń fọwọ́ kan àwọn ọmọ ayò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ojú rẹ̀. Ojú náà kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó padà sí Adó. Ó fi pátákó náà sílẹ̀. Ọba kan, ẹṣin kan àti ọmọ ogun mẹ́ta ló kù fún Olóyè lórí rẹ̀.