Lẹ́tà Tí Mo Kọ fún Ìyá Àwẹ̀ró

"Kọ ọ́ pé ó ń yọ mí lẹ́nu," ni Ìyá Àwẹ̀ró wí. "Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Àbúrò ìyá mi ni Ìyá Àwẹ̀ró, Inísà ni wọ́n ń gbé. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú ni Ògúnṣọlá, àbúrò ọkọ, ti fẹ́ ṣú wọn lópó. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ọkùnrin náà ń wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, tí yóò máa bẹ̀bẹ̀ títí ọbẹ̀ yóò fi jóná. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá bá mi ní Ìkìrun, kí n kọ lẹ́tà sí ajẹ́lẹ̀ tó ń bọ̀ wá gbọ́ ẹjọ́, kí òyìnbó kàn bá wọn kìlọ̀ fún un.

Ọdún 1919 ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, èmi nìkan ni obìnrin ní kíláàsì wa, mo sì gbéra ga, kí n má purọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Tíṣà Titus kọ́ wa ní oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ tí òyìnbó ní fún ìyọlẹ́nu. Wọ́n ní "disturb" ni ti ọmọ tó ń pariwo nígbà tí èèyàn ń sùn. "Annoy" ni ti ẹni tó ń múni bínú. "Pester" ni ti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ohun kan náà léraléra. "Molest" ni ti ọkùnrin tó fọwọ́ kan obìnrin lọ́nà àìtọ́, wọ́n sì kìlọ̀ pé ká má fi ìyẹn ṣeré.

Mo mọ èyí tó bá ọ̀rọ̀ Ògúnṣọlá mu. Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí náà ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé-ìwé wa, mo sì fẹ́ kí ajẹ́lẹ̀ béèrè ẹni tó kọ lẹ́tà náà. "Pester" kéré lójú mi. Mo kọ "molest". Nígbà tí Ìyá Àwẹ̀ró ní kí n kà á fún àwọn ní Yorùbá, mo ní, "Ó ń yọ mí lẹ́nu." Wọ́n súre fún mi, wọ́n fún mi ní ẹyin adìẹ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ ọjà, àkódà méjì tí ajẹ́lẹ̀ rán so ọwọ́ Ògúnṣọlá sẹ́yìn, wọ́n mú un gba àárín ọjà Inísà, wọ́n sì mú un rìn wọ Ìkìrun. Àwọn ọmọdé ń hó lé e lórí. Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Èmi náà wà ní kóòtù. Aṣọ tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wọ̀, mo ń retí kí wọ́n béèrè orúkọ mi.

Ògbifọ̀ ajẹ́lẹ̀ bi Ìyá Àwẹ̀ró pé níbo ni ọkùnrin yìí ti fọwọ́ kàn wọ́n.

"Kò fọwọ́ kàn mí rí," ni wọ́n wí. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ògbifọ̀ na lẹ́tà náà sókè. Ìyá Àwẹ̀ró yíjú sí mi, gbogbo kóòtù sì yíjú sí mi. Tíṣà Titus, tí wọ́n wà láàárín èrò, dìde láti gbà mí sílẹ̀, wọ́n ní àṣìṣe ọmọdé ni. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Bí mo bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà á parí síbẹ̀, á sì kù sí mi nínú.

"Kì í ṣe àṣìṣe, sà," ni mo wí. "Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí ni."

Wọ́n tú Ògúnṣọlá sílẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kó fi opó sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Ó ń ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tí okùn ti bó.

"Dìde," ló wí. "O ti sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lọ́jà ò sí níbí."

Kí oṣù náà tó parí, òun àti ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí Ọ̀kúkù. Akínyẹlé, ọmọ kíláàsì wa kan, ni wọ́n fún ní iṣẹ́ olùkọ́. Ìyá Àwẹ̀ró kò bá mi jà, ṣùgbọ́n wọn ò gbé ìwé wá bá mi mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kàwé, ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ tó tọ́, tó wá mọ̀ọ́mọ̀ kọ èyí tó burú ju bọ́rọ̀ ṣe rí lọ, irọ́ ló pa mọ́ ọmọlàkejì rẹ̀. Ọjọ́ kan ni mo fi jẹ́wọ́ tèmi. Títí Ògúnṣọlá fi kú, àwọn kan ní Inísà ṣì ń fa ọmọbìnrin wọn sẹ́yìn bí ó bá wá sílé tí wọ́n sì rí i lọ́nà.