Ohun Tó Pa Àǹtí Tòún

Nọ́ọ̀sì Bùrẹ́ímọ̀ gbé kúlà òògùn rẹ̀ kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àwọn Àyànfẹ́olúwa ní Àjùwọ̀n, ó jókòó, ó sì fi etí ìbòrí rẹ̀ nu ojú. Oòrùn Sátidé náà kò tíì mú, síbẹ̀ ó ti làágùn bí ẹni tó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Akútè tó tún fẹsẹ̀ rìn bọ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí." Àyànfẹ́ kúnlẹ̀, ó gbé omi fún un. "Ṣé wọ́n bá yín jà ni?"

"Ìjà ì bá tiẹ̀ sàn, ọmọ mi. Bí wọ́n ṣe rí kúlà lọ́wọ́ wa báyìí ni wọ́n ń tilẹ̀kùn. Agboolé Bàbá Ògúnkànmí àti gbogbo ilé tó yí i ká. Wọ́n ní a ò ní kán òògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sí ọmọ kankan lẹ́nu níbẹ̀ mọ́."

"Kí ló dé? Ṣebí ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ràn Àǹtí Tòún jù?"

"Òun gan-an ni wọ́n fi ń ṣẹ̀rí." Nọ́ọ̀sì Bùrẹ́ímọ̀ gbé ife kalẹ̀ láì mu omi inú rẹ̀. "Wọ́n ní òògùn yìí ló pa á."

Àǹtí Tòún ni àbúrò ìyá Àyànfẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn ló ń gbé ní gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé. Èèyàn kì í rí i kó tó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Bó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, yóò kí oníbúrẹ́dì, yóò bá àwọn ọlọ́kadà jiyàn bọ́ọ̀lù, yóò yà wo abiyamọ tó bímọ lánàá, oúnjẹ tí ìyá Àyànfẹ́ gbé kalẹ̀ dè é yóò sì ti tutù kó tó wọlé. Nígbà tí àwọn ìyá kan kọ́kọ́ ń bẹ̀rù òògùn àjẹsára, òun ló máa ń kán an sí ahọ́n ara rẹ̀ níwájú wọn, tí yóò pọ́nu lá, tí yóò wá ní, "Ẹ wò ó, mo ṣì wà láàyè! Ó tó yín?" Wọn yóò bú sẹ́rìn-ín, wọn yóò gbé ọmọ wọn wá.

Lọ́dún 2006 ni Àǹtí Tòún kú. "Àìsàn ráńpẹ́" ni wọ́n kọ sára pósítà ìsìnkú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ẹbí ṣàlàyé fún ju ìyẹn lọ, àwọn èèyàn sì fi ohun tí wọ́n rò kún un fúnra wọn.

Ṣùgbọ́n Àyànfẹ́ mọ òótọ́. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ Àǹtí Tòún. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ìrora yóò wọ inú egungun rẹ̀, pàápàá nígbà òjò, tí yóò máa jẹ etí ìrọ̀rí kí igbe rẹ̀ má baà jáde síta. "Ibà ló ń ṣe é," ni ìyá Àyànfẹ́ máa ń sọ fún àwọn tó bá béèrè rẹ̀. Nígbà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ifọ̀ fẹ́ fẹ́ Tòún. Wọ́n ti mọ ẹbí ara wọn, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìdána, kí àwọn ẹbí ọkọ tó gbọ́ nípa àìsàn náà, wọn kò sì wá mọ́. Láti ìgbà náà ni ìyá Àyànfẹ́ ti ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ jáde nínú ilé yìí mọ́ láé."

Ìyá náà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá báyìí. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló ti gbọ́.

"Màmá Àyànfẹ́, ẹ jọ̀ọ́," ni Nọ́ọ̀sì Bùrẹ́ímọ̀ bẹ̀rẹ̀, "èmi mọ ohun tó pa á, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa ò gbà mí láyè kí n tú àṣírí àìsàn ẹlòmíràn. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ ọ́."

"Mi ò ní sọ ọ́. Ọ̀la ni ìsìn ìrántí ọdún kan rẹ̀. Ṣé àsìkò yìí ló yẹ kí wọ́n máa gbé orúkọ rẹ̀ kiri ìgboro? Mo sì ní ọmọbìnrin nílé. Ta ni yóò fẹ́ ẹ lọ́la?"

"Màámi," ni Àyànfẹ́ wí, "bí a bá dákẹ́, àwa náà gbà nìyẹn pé iṣẹ́ rẹ̀ ló pa á."

Ìyá rẹ̀ wò ó, ó yíjú padà, ó sì wọ yàrá lọ.

Àyànfẹ́ dúró síbẹ̀. Jésùlayọ̀mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, ń gbé ní agboolé Bàbá Ògúnkànmí. Ẹnu ọmọ yẹn kì í dúró. Tí ó bá gbọ́ lónìí, gbogbo ilé ìwé ti gbọ́ di Mọ́ńdè. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Àyànfẹ́ kì í ṣe ẹni tó lè sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ní ìgbà ìsinmi tó bá ń bá Àǹtí Tòún lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń sá sí. Ó lè jókòó sílé. Kò sẹ́ni tí yóò bá a wí. Ṣùgbọ́n ó rántí àwọn ọmọ kéékèèké tó wà ní agboolé náà, ó sì bọ́ sílẹ̀.

"Àǹtí Bùrẹ́ímọ̀, ẹ gbé kúlà yín. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Bàbá Ògúnkànmí jókòó sábẹ́ igi fúrútù, àwọn ìyá ọlọ́mọ sì dúró káàkiri àgbàlá. Bí bàbá ṣe rí wọn, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Nọ́ọ̀sì, mo ti sọ̀rọ̀ tán."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Àyànfẹ́ kúnlẹ̀. "Èmi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n Àǹtí Tòún."

Ojú bàbá rọ̀. "Mo mọ̀ ọ́. Ọmọ mi, má rò pé a kórìíra Tòún. Òun ló gbẹ̀bí àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ojú mi báyìí ló ṣe ń kán òògùn yìí sí ahọ́n ara rẹ̀. Ojú mi náà ni wọ́n ṣe gbé e lọ sin, ọ̀dọ́ tí kò gbó tí kò tọ́. Kí lo fẹ́ kí n rò?"

Àyànfẹ́ dá a lóhùn. "Àìsàn tó pa á kì í ṣe àìsàn ráńpẹ́, Bàbá. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Fòníkú-fọ̀ladìde ni."

Àyànfẹ́ rí Jésùlayọ̀mi lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n.

"Háà! Nínú ìdílé yín?" ni obìnrin kan ké.

"Bẹ́ẹ̀ ni, nínú ìdílé wa. Inú ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá ló ti wá, kò wá látinú òògùn kankan. Àwọn dókítà sọ fún bàbá Àǹtí Tòún pé kò dájú pé yóò dàgbà. Ó dàgbà. Ó kàwé, ó gba iṣẹ́. Ọjọ́ mìíràn tí ẹ rí i tó ń jó níwájú yín, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ro ó lọ́wọ́. Mo máa ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ bó bá délé. Mo ní kó sinmi, ó ní òun ò fẹ́ kí ọmọ kankan ní àdúgbò yìí jẹ ìrora ẹsẹ̀ bíi tòun." Omijé ti dé ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. "Ẹ má fi ikú rẹ̀ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá Ògúnkànmí mi orí. "Ọmọdé ni ọ́. Ta ni yóò jẹ́rìí sí èyí?"

"Èmi ni, Bàbá."

Gbogbo wọn wẹ̀yìn. Ìyá Àyànfẹ́ ló ń wọlé bọ̀, gèlè rẹ̀ kò wé dáadáa, ó ń mí gúlegúle. Ó wá dúró ti ọmọ rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Òótọ́ lọmọ mi sọ. Èmi ni mo fi pamọ́. Mo rò pé mò ń dáàbò bo àbúrò mi ni. Mi ò mọ̀ pé mò ń fi àyè sílẹ̀ fún irọ́."

Bàbá náà yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó dúró nítòsí.

"Mùsáfírù, gbé ọmọ rẹ wá. Tiwa ni kí wọ́n kọ́kọ́ kán."

Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti ṣáájú Mùsáfírù. Jésùlayọ̀mi ti sọ àbúrò rẹ̀ kalẹ̀ níwájú Nọ́ọ̀sì Bùrẹ́ímọ̀. Ọmọ náà di ẹnu pinpin. Àyànfẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ bá gbé orin tí Àǹtí Tòún máa ń kọ fún àwọn ọmọ:

"Yanu, yanu bí ọmọ ẹyẹ,
Ẹni tó yanu á sáré dé Ifọ̀!"

Àwọn ìyá gbè é. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn ń nu ojú. Ọmọ náà ya ẹnu, òògùn kán sí i. Bí àwọn ilé tó yí agboolé náà ká ṣe gbọ́ orin, àwọn náà ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí ọ̀sán fi máa pọ́n, kò sí ọmọdé kan ní apá ibẹ̀ tí wọn kò fi tàdáwà kùn ní ìka láti fi hàn pé ó ti gba òògùn.

Lọ́jọ́ kejì, ṣọ́ọ̀ṣì kún ju bí ẹbí ṣe rò lọ. Bàbá Ògúnkànmí kó ará ilé rẹ̀ wá. Nígbà tí wọ́n pe ìyá Àyànfẹ́ láti sọ̀rọ̀, kò pe àìsàn àbúrò rẹ̀ ní ibà mọ́. Ó pè é ní orúkọ rẹ̀, ó sì sọ bí Tòún ṣe fi ara tó ń ro ó tọ́jú ara ẹlòmíràn. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ ọ́. Bí ìsìn ṣe parí, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó fa Nọ́ọ̀sì Bùrẹ́ímọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó béèrè ibi tí òun àti àfẹ́sọ́nà òun ti lè ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ìwé ní Mọ́ńdè lóòótọ́. Àwọn kan ń wo Àyànfẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọmọkùnrin kan tiẹ̀ béèrè bóyá àìsàn náà lè ràn. Kí Àyànfẹ́ tó dáhùn, Jésùlayọ̀mi ti dìde lórí àga.

"Kì í ràn! Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ tíṣà Bàọ́lọ́jì. Àbúrò mi ń sáré káàkiri ilé lónìí nítorí àǹtí Àyànfẹ́. Kí tiyín ṣe?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, Àyànfẹ́ náà sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi yíjú wò ó.

Ó ti yé e pé àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kò sì yẹ kó jẹ́ ìtìjú fún ẹbí kankan. Òótọ́ tí a fi pamọ́ nítorí ẹnu ayé máa ń di àyè tí irọ́ ń gbé. Bí a bá sì nífẹ̀ẹ́ ẹni tó ti lọ, a ó sọ òótọ́ nípa rẹ̀ láìbẹ̀rù, a ó sì rí i pé iṣẹ́ rere rẹ̀ kò dúró.