Ẹni Tó Pe Charles Lẹ́yìn Ògiri

Mi ò fẹnu kan ọtí lọ́jọ́ náà. Mo tètè sọ ọ́, torí ohun àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn máa ń bi mí nìyẹn. Mínírà ni mo mu, igo kan, kò tiẹ̀ tutù. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi, ó ṣojú Múdàṣírù, ó sì ṣojú èèyàn bí ọgọ́rin tí wọ́n ń jó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń jó sí.

Táyéwò ni orúkọ mi. Láti Mọ́ńdè dé Sátidé, ẹ̀rọ amúlétutù ni mo ń tún ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá. Tó bá di Sọ́ńdè, mo máa ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ wa. Ẹgbẹ́ kọ́píráìtì ni wá: orin tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ, tí gbogbo ayé mọ̀, ni àwa náà máa ń kọ nílé ọtí. A ò ní orin kankan tó jẹ́ tiwa. Charles ni olórin wa, kò sì sí ohùn tí Charles ò lè sín jẹ. Bó bá kọ hailáìfù àtijọ́, wàá wẹ̀yìn wò bóyá ẹni tó ni ín ti wọlé.

Àmọ́ láti ọdún Àjíǹde ni ọ̀fun ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ohùn rẹ̀ á kàn há láàárín orin. Dókítà ní egbò wà níbẹ̀, kó sinmi fún oṣù mẹ́ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn náà lè lọ pátápátá. Ọmọ kan ṣoṣo ni Charles ní, Gift, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ náà kì í sùn àfi tí bàbá rẹ̀ bá kọrin fún un. Ohun tó ń ba Charles lẹ́rù jù nìyẹn, ó ju iṣẹ́ lọ.

Madam Charity, tó ní ilé ọtí kan ní Ìgàndo, wá ránṣẹ́ pè wá. Ó ní tí a bá dá àwọn oníbàárà òun lára yá lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, àwa la ó máa ṣeré níbẹ̀ ní gbogbo Sọ́ńdè.

"Ẹ̀ẹ̀kan yìí péré," Charles sọ fún mi. "Lẹ́yìn ẹ̀, màá sinmi. Mo búra."

Matilda, ìyàwó rẹ̀, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bọ̀dá Táyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣọ́ ọ. Kó má pariwo."

Mo ní màá ṣọ́ ọ. Mi ò ṣọ́ ọ dáadáa, ìyẹn sì ń dùn mí títí dòní.

Àgbàlá ńlá ni ilé ọtí náà, ògiri yí i ká. Irà ló wà lẹ́yìn ògiri, ẹnikẹ́ni ò kọ́lé síbẹ̀. A kẹ̀yìn sí ògiri, a kọjú sí àwọn èrò. Iná tí wọ́n tàn sí wa lójú ò jẹ́ ká rí kọjá tábìlì àkọ́kọ́. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn: ẹni tí o ò rí ló máa pè ọ́. Tẹ́nìkan bá ti kígbe "Charlie!", Charles á fi orin dá a lóhùn: "Mo wà ńbí o!" Àwọn èèyàn á hó yèè. Olórin tí wọ́n bá pè tí kò dáhùn, agbéraga ni wọ́n máa kà á sí.

Ìyá mi kọ́ èmi àti Kẹ́hìndé pé béèyàn bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, tí kò rí ẹni tó pè é, kó panu mọ́. Mo sọ ọ́ fún Charles rí, ó rẹ́rìn-ín.

"Táyé, tí mo bá tẹ̀ lé ìyẹn, ṣé ebi ò ní pa mí báyìí?"

Aago márùn-ún la bẹ̀rẹ̀. Ó dùn, mi ò ní purọ́. Òórùn ata àti ẹja àrọ̀ gba gbogbo àgbàlá. Bàbá kan bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e lérí, ó ń jó. Charles ń fi ìdajì ohùn kọrin, àwa náà ń gbè é lẹ́sẹ̀. Láàárín orin kan sí èkejì, a máa ń gbọ́ àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ké nínú irà.

Nígbà tó ń lọ sí aago méje, ilẹ̀ ń ṣú bọ̀. A wà láàárín orin hailáìfù kan tí Charles gbọ́dọ̀ gbé ohùn sókè. Ó gbé e. Ohùn náà há. Mo rí òógùn lójú rẹ̀. Àwọn tó ń jó dẹwọ́. Madam Charity gbójú sókè nídìí tábìlì àkọ́kọ́, níbi tó ti ń ṣí igo.

Ìgbà yẹn ni wọ́n pè é.

"Charles."

Kì í ṣe "Charlie." Kì í ṣe ariwo. Wọ́n pè é jẹ́jẹ́, bí ìgbà téèyàn ń jí ẹni tó sùn. Ìlù ń dún, gìtá mi ń dún, síbẹ̀ mo gbọ́ ọ kedere. Ẹ̀yìn wa ló ti wá, láti ibi irà.

Charles yíjú sí mi. Mo mirí fún un: rárá. Mo mọ̀ pé ó rí mi. Àmọ́ ó ti mọ́ ẹnu rẹ̀ lára.

"Mo wà ńbí o!"

Ohùn náà jáde gbàgàdà, kò há rárá. Àwọn èèyàn hó yèè. Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu Charles jáde kẹ́yìn nìyẹn.

Orin náà ń lọ. Charles ti gbé máíkì kúrò lẹ́nu, ẹnu rẹ̀ pa dé, orin náà sì ń lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ ni iṣẹ́ mi, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rọ máa ń ṣe wèrè. Mo wo Múdàṣírù, ẹni tó ń bójú tó máíkì àti sípíkà wa. Ó gbé wáyà máíkì sókè hàn mí. Ó ti fà á yọ.

Kì í ṣe inú sípíkà. Ẹ̀yìn ògiri ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń bá Charles ṣeré, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ bí ohùn òun fúnra rẹ̀ ṣe rí, láìsín ẹnikẹ́ni jẹ. Ó dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an, omi sì ń bọ́ lójú mi.

A ò dúró. Ẹ lè bú wa. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í já orin sílẹ̀ nígbà tí èèyàn ṣì wà lójú agbo. A bá a lọ títí tó fi parí, Charles dúró láàárín wa, ó di ọ̀fun rẹ̀ mú. Àwọn oníjó rò pé ó wà lára eré ni.

Nígbà tó parí, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ kan ò ké. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Charlie! You do well o!" Madam Charity sáré wá. "Ẹ̀yin lẹ gbà á jàre. Every Sunday!"

Charles lanu láti dúpẹ́. Èémí nìkan ló jáde.

Èmi àti Múdàṣírù tan tọ́ọ̀ṣì, a lọ sẹ́yìn ògiri. Ẹrẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ," Múdàṣírù wí. A lọ.

Lọ́jọ́ Túsìdè, dókítà yẹ ọ̀fun Charles wò. "Egbò yẹn ti jinná," ó wí. "Ọ̀fun yìí mọ́ ju tèmi lọ. Ẹ sọ̀rọ̀, sà." Charles ò lè sọ̀rọ̀.

A ò padà sí Ìgàndo. Mo gbọ́ pé èrò ṣì ń kún ibẹ̀ ní gbogbo Sọ́ńdè, pé ẹgbẹ́ mìíràn ló ń ṣeré. Mi ò béèrè ẹni tó ń kọrin fún wọn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí Charles nílé rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Wọ́n ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì dún. Gift jókòó lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Charles ń rọra fọwọ́ gbá a lẹ́yìn.

Lẹ́yìn fèrèsé, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí Charles fi máa ń rẹ ọmọ náà. Ó fara balẹ̀ kọ ọ́ tán.

"Gift," ló wí, jẹ́jẹ́.

Inú ọmọ náà dùn. Ó lanu. Charles fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Gift."

Ọmọ náà ń jà, ó ń sunkún sínú ọwọ́ bàbá rẹ̀. Charles gbá a mọ́ra, ó ń wò mí, ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn. Mo dìde, mo ti fèrèsé. Mi ò wo ìta.

Matilda sìn mí dé ẹnu géètì. Ó ní alaalẹ́ ni ohùn náà ń pe ọmọ náà báyìí, àti pé àwọn ti kúrò ní yàrá ẹ̀yìn wá sí ti iwájú, ó sì tẹ̀ lé àwọn. Mo ní kó ṣàlàyé fún ọmọ náà, kó má dáhùn.

"Mo ti sọ fún un, Bọ̀dá Táyé," ó wí. "Ó ní ṣebí èmi náà ni mo kọ́ òun pé tí Dádì bá ti pe òun, kí òun yára jẹ́ 'Sà.'"